ILÉ ÌKÀWÉ NÍNÚ FÍDÍÒ ÌGBÀ ÀJÀKÁLẸ̀ ÀRÙN: ÌTÀN ÀTI ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍ ALÍMỌ̀ṢỌ́

Ìfáárà

Ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn ilé-ìwé ti wọlé padà, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì kejì àgbà ní àròkọ aṣàpèjúwe kan kọ. Orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni 'Ilé Ìkàwé Kan tí Mo Mọ̀ Dáadáa'. Orí-ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Bóyá ni olùkọ́ Yorùbá kan wà tí kò tíì fún ọmọ ní irú rẹ̀ kọ rí. Àwọn ọmọ kan ṣàpèjúwe kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tí ó wà nínú yàrá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn mìíràn fi èrò inú ara wọn kọ́ ilé alájà mẹ́ta tí kò sí níbì kankan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan láti Ìgàndó kọ ọ́ pé ilé ìkàwé tí òun mọ̀ jù lọ ni fóònù ìyá òun, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ láti òkè délẹ̀: ibi tí dígí ojú rẹ̀ ti là, wákàtí tí wọ́n ń ṣí i, èyí tí í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí ìyá bá ti ọjà Ìkọ̀tún dé, iye tí wọ́n ń san kí ènìyàn tó wọlé, èyí tí í ṣe owó dátà, àti ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ó pẹ́.

Olùkọ́ méjì ni ó yẹ ìwé náà wò. Ẹnì kejì mi ní ọmọ náà ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀, ó sì fún un ní òdo fún kókó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ni ó bí iṣẹ́ tí ẹ ń kà yìí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti tọpa bí àwọn ènìyàn ṣe sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé nínú àwọn fídíò orí ẹ̀rọ ayélujára ní ọdún 2020 àti 2021, láti wo ohun tí ó wà nílẹ̀ ní Èkó ṣáájú ìgbà náà, kí a sì fi wé ohun tí ojú àwọn ọmọ Alímọ̀ṣọ́ rí. Èrò wa ni pé ilé tí àwọn fídíò náà ń dárò pé wọ́n tì kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ wa rí. Nítorí náà, ohun kan ni 'ilé ìkàwé' ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ń sọ ọ́, ohun mìíràn ni ó ń jẹ́ létí ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Orúkọ náà àti Ilé náà

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ àrùn, ó yẹ kí a yẹ orúkọ yìí wò. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ìwé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tiwọn. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ àpótí ìwé ni àwọn Faransé ti mú tiwọn. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. A ti fi 'ilé-ìwé' pe ibi tí ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́, èyí ni pé orúkọ tí ìbá bá ilé yìí mu jù lọ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ni a bá sọ ọ́ ní ilé ìkàwé. Àwọn kan ń pè é ní ilé ìkówèésí. Ará àdúgbò ń pè é ní láíbìrì, ó tán. Àwọn tí ó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, ẹ̀ka èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé kì í ṣe ẹrù tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mẹ́ta ṣe wà nílẹ̀ tí a ń lò wọ́n bí ó ti wù wá, láìbìkítà fún ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn.

Ìyàtọ̀ sì wà. Ilé ìkówèésí lè wà láìsí ẹni tí ń kàwé níbẹ̀. Ìwé ṣáà wà níbẹ̀. Ilé ìkàwé ń bèèrè ẹni tí ń kà á. Bákan náà ni 'kà' fúnra rẹ̀ fẹjú ju bí a ti ń kọ́ ọ ní kíláàsì lọ: a ń ka owó, a ń ka ìwé, a sì ń ka ìwé sí ẹlòmíràn létí. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tí ó ń wá ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára. Kò kọ́kọ́ kọ́ ilé fún wọn. Ìwé ni ó ṣáájú.

Ní Èkó, ilé ìkàwé tí a mọ̀ sí Lagos Library bẹ̀rẹ̀ ní 1932 pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà. Owó ni ènìyàn ń san kí ó tó lè yá ìwé níbẹ̀, àwọn Òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń yá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Yorùbá kan lè kó jọ láìdúró de ìjọba, kí ó rántí Henry Carr, tí ó kú ní 1945. Ìwé bí ẹgbàá mẹ́sàn-án (18,000) ni ó kó jọ. Ìjọba rà wọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì wà lára ìwé tí a fi pilẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1953, àjọ UNESCO pe ìpàdé sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe gbèrú ní Áfíríkà. Láti inú ìpàdé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jáde ní 1954, ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà sì dá dúró ní 1962. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní oṣù Bélú 1964.

Ẹ wò ó, Ìbàdàn àti Erékùṣù Èkó ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Oko àti abúlé ni ó pọ̀ jù ní Alímọ̀ṣọ́ nígbà náà. Nígbà tí ó fi máa di ìkànìyàn 2006, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún (1,200,000). Ilé pọ̀ sí i, ọjà pọ̀ sí i, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pọ̀ sí i. Ilé ìkàwé kò bá wọn pọ̀. Ọmọ tí ó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkọ̀tún, 'ilé-ìwé' rẹ̀ náà ni ilé ìwé rẹ̀ ní ti gidi, nítorí níbẹ̀ nìkan ni ó ti ń rí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àrùn Dé

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àjàkálẹ̀ àrùn yóò ti ẹ̀yìn òkun wọ Èkó. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé influenza dé, èyí tí àwọn àgbà ní apá kan ilẹ̀ wa ń pè ní lúkúlúkú. Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rù ìwé pàápàá ń ba àwọn Òyìnbó: òfin ìlera kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ní 1907 kà á léèwọ̀ pé kí ẹni tí àrùn àkóràn ń ṣe yá ìwé ní ilé ìkàwé. Ní Èkó ti 1918, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tí yóò mú, nítorí kò sí ilé ìkàwé ìjọba tí gbogbo ènìyàn ń lọ.

Àrùn kòrónà bá nǹkan mìíràn nílẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan ti ní in ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà ni àwọn ilé-ìwé Èkó tì. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà ni òfin tí gbogbo wa mọ̀ sí 'kónílé ó gbélé' bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ìdánwò WAEC tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ àfi ọjọ́ 17 oṣù Ògún. Fún oṣù mẹ́rin ó lé, àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò wà nílé. Àwọn ìwé àṣàyàn lítíréṣọ̀ tí wọn kò tíì rí rà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ ẹni tí òun náà wà nílé rẹ̀.

Ohun tí Àwọn Fídíò Wí

Àwọn fídíò tí ó sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ní àkókò yìí pọ̀ jọjọ, a kò sì lè sọ pé a rí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wọn. Èyí tí dátà wa gbé ni a wò.

Èyí tí ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí wa ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Ẹnì kan yóò dúró láàrin pẹpẹ ìwé nínú gbọ̀ngàn tí ó ṣófo, yóò ní ìlẹ̀kùn ti tì ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ṣì ṣí, yóò wá máa ṣàlàyé bí a ṣe lè yá ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà já geere. Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá. 'Ilé náà tì, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ṣí.' Ọmọdé yóò bi yín pé ilé wo ni ẹ ń sọ. Nítorí pé 'ilé' ti wà nínú orúkọ, a kò lè ti ilẹ̀kùn kí a sì ní a kò tì í. Ọ̀nà tí àwọn Yorùbá tí a gbọ́ nínú fídíò gbà yọ ara wọn ni pé wọn a máa pe èyí tí a kọ́ ní ilé ìkàwé, wọn a sì máa pe ti orí ẹ̀rọ ní láíbìrì. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó lé èyí lórí. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ó pín in bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé ó pín in dáadáa.

Oríṣi kejì ni ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìwádìí tí a ń pè ní REALM yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àrùn náà lè pẹ́ lára ìwé. Ní oṣù Okúdù 2020 wọ́n jábọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta a kò rí i mọ́ lára èèpo ìwé àti inú ìwé tí a pa dé. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n rí i pé bí a bá to ìwé lé ara wọn, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣe ń ya ìwé tí a dá padà sọ́tọ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà á. Mo wo fídíò méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rẹ́rìn-ín: àwọn ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù tiwa ti wà ní ìyàsọ́tọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí kòrónà.

Àwọn àpérò orí Zoom náà wà. Àpéjọ àgbáyé tí àjọ IFLA fẹ́ ṣe ní Dublin ní 2020 kò wáyé. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe ti 2021. Nínú irú àpérò báyìí, ẹ̀yìn gbogbo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni pẹpẹ ìwé ara rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí kò ní pẹpẹ a fi aṣọ fèrèsé bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ wa jù lọ ni ìwé kíkà sókè. Àwọn òǹkọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé lórí fídíò, àwọn atẹ̀wé kan ní òkè òkun sì fún wọn láyè fún ìwọ̀nba ìgbà. Àwa tí a dàgbà sínú àlọ́ kò rí ohun tuntun nínú èyí. WNTV tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ti fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí àrùn dé ìjọba Èkó náà sì tún gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kíka odidi ìwé tí ẹlòmíràn kọ síta fún gbogbo ayé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kíkà á fún kíláàsì. Lórí èyí ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà 2020, àjọ Internet Archive ní Amẹ́ríkà ṣí ohun tí wọ́n pè ní ilé ìkàwé pàjáwìrì: ìwé bí mílíọ̀nù kan àti irínwó ẹgbẹ̀rún (1,400,000), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè yá ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtò sórí ìlà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Okúdù, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé mẹ́rin, Hachette, HarperCollins, Wiley àti Penguin Random House, pe àjọ náà lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà ni wọ́n ti pàjáwìrì náà pa. Ilé ẹjọ́ dá àwọn atẹ̀wé láre ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024.

Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe 2020, ọmọkùnrin kan tí ó ń múra WAEC fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹnì kan ti fi ọ̀kan nínú àwọn fídíò wọ̀nyí ránṣẹ́ sí i. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, láíbìrì tí wọ́n ní ó ṣí yẹn, ṣé ti Ìkẹjà ni àbí ti Yábà? Bàbá mi ní ọlọ́pàá ò ní jẹ́ kí n kọjá Ìyánà-Ìpájà.' Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbọ́ pé ilé kan ṣí, ó fẹ́ lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé inú fóònù ni, ó bi mí bóyá ìwé Yorùbá tí àwọn ń kà wà níbẹ̀. Mo wá a. N kò rí i.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, kì í sì í ṣe pé mo fi ń yangàn. Mo mú ìwé náà, mo jókòó sínú yàrá mi ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ka orí kìíní rẹ̀ sínú fóònù. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kejì mo ka orí kejì. Kí oṣù Èbìbí tó parí, mo ti kà á tán láti páálí dé páálí. Àwọn ọmọ ń dúpẹ́, àwọn òbí ń dúpẹ́. Ìyá kan ní òun náà ń gbọ́ ọ nígbà tí òun bá ń pọn ọṣẹ. N kò bèèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, n kò bèèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé. Nígbà tí ó di oṣù Agẹmọ, olùkọ́ kan tí n kò mọ̀ rí fi ohùn èmi fúnra mi ránṣẹ́ sí mi láti Ìkòròdú pé kí n fi kọ́ àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò wọlé ní oṣù Ògún, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tí ń ta ìwé ní Ìkọ̀tún. Èmi ni mo ti sọ fún un láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ pé kí ó kó ìwé náà wá. Ó fi igun ìsọ̀ rẹ̀ hàn mí. 'Tíṣà, ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ló wà ńlẹ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn ti gbọ́ ọ tán.'

Kò bínú. Ó fi lọ̀ mí lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìwé Yorùbá mélòó ni a ń tà ní Ìkọ̀tún láìsí pé olùkọ́ ní kí ọmọ rà á? Òǹkọ̀wé Yorùbá kò dà bí àwọn atẹ̀wé ńlá tí ó lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Owó ìwé àṣàyàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà ní Nàìjíríà ní 2020, a sì ti fi tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023 rọ́pò rẹ̀. Láàrin wa ní yàrá olùkọ́, n kò tíì gbọ́ kí a jíròrò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun kejì tí mo rí jẹ mọ́ ẹ̀yin olùyẹ̀wò. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ ìwé náà láì rí i mọ ìtàn inú rẹ̀ ju àwọn ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìhùwàsí ẹ̀dá-ìtàn, wọn yóò dáhùn bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn bí etí wọn ti gbọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sípẹ́lì tirẹ̀. Ọmọ mẹ́ta kọ orúkọ ìlú kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta. Àmì ohùn kò sí, nítorí wọn kò rí i lójú ìwé rí. Mo yọ máàkì lára wọn bí ìlànà ti wí. Bí mo ti ń fi bírò pupa fa ìlà sí i, mo mọ̀ pé ohùn tèmi ni mo ń yọ máàkì lé.

Mo padà sórí àròkọ ọmọbìnrin Ìgàndó. Ẹnì kejì mi ní bí a bá gba fóònù gẹ́gẹ́ bí ilé ìkàwé, a kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ kankan ní ṣíṣì mọ́. Ọ̀la ọmọ yóò pe rédíò ní mọ́sáláṣí. Ó ní kí ọmọ náà kọ 'láíbìrì' kí a lè mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Èmi ní orí-ọ̀rọ̀ sọ pé 'tí mo mọ̀ dáadáa', òun nìkan ni ó sì sọ òtítọ́ nínú kíláàsì náà yàtọ̀ sí àwọn tí ó kọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣàpèjúwe ilé, ó ṣàpèjúwe àkókò, owó ìwọlé àti olùtọ́jú ibẹ̀. Kò sí kókó aṣàpèjúwe kan tí ó fò. Ẹnì kejì mi bi mí pé bí ìwé náà bá lọ sọ́wọ́ olùyẹ̀wò ìta ńkọ́? N kò lè dá a lóhùn.

A kọ máàkì méjì sí ojú ìwé náà, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.